Kí Kálukú Ra Sólà Tirẹ̀: Ìyẹn Kọ́ Ni Ètò Ìlú

Ìmọ̀ràn kan ti gba ẹnu gbogbo ayé ní Ìbàdàn. Bí tiransifọ́mà bá jóná ní Challenge, bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní Bódìjà, bí bébà owó iná bá dé Ring Road tí iná fúnra rẹ̀ kò bá a dé, ohun tí olóye ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ ni pé kó fi àwọn NEPA sílẹ̀, kó lọ ra sólà. Ìmọ̀ràn àdúgbò ni tẹ́lẹ̀; ní báyìí ó ti ń di ìlànà ìlú. Àwọn tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, àwọn olóṣèlú, àwọn oníṣòwò páńẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn ló ti fohùn ṣọ̀kan pé iṣẹ́ ìjọba nípa iná oòrùn kò ju mẹ́ta lọ: kó mú owó orí kúrò lórí ọjà sólà, kó yá aráàlú lówó, kó sì yà lọ́nà kí kálukú gun òrùlé rẹ̀. Mo gbà pé oòrùn ni yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ “kálukú” tó wà nínú ìmọ̀ràn náà ni mo ń bá jà. Bí ìjọba bá fi owó gbogbo wa ṣe ètò pé kí kálukú ra tirẹ̀, àwọn tó ní òrùlé ni yóò rí ìmọ́lẹ̀, àwọn tí kò ní ni yóò sì bá wọn san owó rẹ̀. Iná oòrùn tí ìlú nílò ni èyí tó ń gba orí wáyà kan náà wọ ilé olówó àti yàrá ayálégbé.

Kí n tó máa takò ó, ó yẹ kí n jẹ́rìí sí ohun tó bí ìmọ̀ràn yìí, nítorí ìyà ló bí i, àìmọ̀kan kọ́. Ní November 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. IBEDC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ring Road, ni ti Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, aráàlú ṣì ń ka wákàtí tí iná fi wà bí ẹni ń ka owó ọ̀yà. Títí di March 2025, iná tó pọ̀ jù lọ tí gbogbo Nàìjíríà tíì rí pín lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi 5,800 mẹ́gáwáàtì lọ, fún orílẹ̀-èdè tó lé ní 200 mílíọ̀nù ènìyàn. Ní 2024, òpó iná orílẹ̀-èdè dà wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ní April ọdún yẹn kan náà ni owó yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn pọ̀ jù, fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225. Jẹnẹrétọ̀ tí a ń sá sí tẹ́lẹ̀ kò tún ṣeé sá sí mọ́: lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lórí ìwé ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ May 2023 ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí. Ẹni tí gbogbo èyí dé bá, tó sì rí ẹ̀rọ tó ń jẹ oòrùn, tí kì í pariwo, tí kì í rú èéfín, kò jẹ̀bi bó bá rà á. Ìjọba tó fẹ́ sọ àsálà ẹni yìí di ètò ìlú ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ember, àjọ tó máa ń ṣe ìṣirò nípa iná káàkiri àgbáyé, ka páńẹ̀lì tí Ṣáínà kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà láàárín July 2024 sí June 2025. Ti Nàìjíríà jẹ́ 1,721 mẹ́gáwáàtì. A ti ré Íjíbítì kọjá, South Africa nìkan ló kù níwájú wa. Páńẹ̀lì yìí kò wọlé nítorí pé ìjọba fún ẹnikẹ́ni lówó ìrànwọ́. Ó wọlé nítorí pé iye rẹ̀ ti wálẹ̀ gidigidi lọ́jà àgbáyé, tí owó epo àti owó iná ọba sì gòkè nílé. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó lè ra sólà ti ń rà á láìdúró de ìjọba. Ẹni tó ti wọ odò tán, ta ló tún ń bu omi wẹ̀ ẹ́? Bí a bá wá yọ owó nínú àpò ìlú láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, a kò fi iná kún iná ìlú. Ohun tí yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe la kàn bá a san.

Àwọn tí kò tíì rà á ńkọ́? Owó orí ibodè kọ́ ló dá wọn dúró. Ẹni tó ń ra sólà ń san owó iná ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó tan gílóòbù kan. Nítorí náà, bí owó yíyá bá wọ́n, sólà wọ́n nìyẹn, ì báà jẹ́ pé páńẹ̀lì pọ̀ lọ́jà bí èlùbọ́. Ní November 2024, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá lọ yáwó ní báńkì lásán nígbà náà ń san ju ìyẹn lọ. Láàárín June 2023 sí òpin 2024, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà ti kọjá 1,500, bẹ́ẹ̀ dọ́là la fi ń ra bátìrì. Oòrùn ọ̀fẹ́ ni, owó tí a fi ń mú un kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ètò ẹ̀yáwó tí wọ́n sì ń gbé kiri pé yóò tán ìṣòro yìí máa ń béèrè ìwé owó oṣù, onídùúró, tàbí ìwé ilé. Kí ni obìnrin tó ń lọ ata ní ọjà Bódìjà fẹ́ mú sílẹ̀? Kí ni télọ̀ tó háyà ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ fẹ́ fi dúró? Ẹ̀yáwó tó ń bi ènìyàn pé kí ló ní kó tó ràn án lọ́wọ́, ẹni tó ti ní ló ń ràn lọ́wọ́.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ òrùlé, tí àwọn alátìlẹ́yìn “kálukú” kì í fẹ́ dé ibẹ̀. Bódìjà àti Agbowó kò jìnnà síra. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ lè rìn ín. Ní Bódìjà, onílé pọ̀ tó ń gbé inú ilé rẹ̀, tó ní ọgbà, tó ní òrùlé tó tẹ́jú, tó sì lè pinnu lónìí kí àwọn oníṣẹ́ sólà dé lọ́la. Ní Agbowó, lódìkejì ọ̀nà sí Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò kéékèèké àti òṣìṣẹ́ ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń pín. Òrùlé yẹn kì í ṣe tiwọn. Bí ayálégbé bá fi owó gọbọi kan páńẹ̀lì mọ́ òrùlé onílé, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú ilé náà. Ọjọ́ tí onílé bá fi owó ilé kún un, kò lè fi ìbínú kó jáde. Onílé náà kò ní ìdí láti kan án fún un, torí pé òun kọ́ ló ń san owó iná. Báyìí ni ètò tó dúró lórí òrùlé ṣe yọ àwọn ayálégbé sílẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. A lè ní páńẹ̀lì kò ní owó orí fún olówó àti tálákà bákan náà, ọgbọọgba ni lójú òfin. Ṣùgbọ́n ọgbọọgba tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, orí òrùlé náà ni yóò parí sí.

Àìdọ́gba nìkan kọ́ ni àléébù rẹ̀. Ọ̀nà yìí ń fi iná ṣòfò. Ilé tó bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé sólà tirẹ̀ nìkan gbọ́dọ̀ ra páńẹ̀lì àti bátìrì tó tó ọjọ́ tó burú jù: ọjọ́ òjò July, nígbà tí ìkùukùu bo Ìbàdàn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń ra púpọ̀. Nígbà tó bá wá di January tí oòrùn mú ganrínganrín, bátìrì ilé náà lè ti kún kí ọ̀sán tó pọ́n. Láti ìgbà náà, páńẹ̀lì wà lókè, oòrùn ń tàn sí i, iná kò sì ríbi gbà. Lẹ́yìn ọgbà ilé kan náà, ẹnìkan ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ kó lè lọ ata. Wáyà ló wà láàárín àwọn méjèèjì, wáyà náà sì ti wà lórí òpó láti ọdún pípẹ́. Òfin àti ìṣirò owó ni kò jẹ́ kí iná gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ sì wo bí ìlú ṣe ń lo iná. Ọ̀sán ni àwọn alọta, àwọn tó ní yàrá ẹja yìnyín, àwọn wẹ́dà àti àwọn ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀ ń lò ó. Alẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó àti àwọn ilé gbígbé ń lò ó. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ohun tí ọ̀kan kò lò nígbà kan ni èkejì yóò lò, bátìrì tí gbogbo wọn yóò rà yóò sì kéré gan-an sí ohun tí kálukú yóò dá rà. Bátìrì sì wà lára ohun tó ń gba owó jù nínú sólà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti iná oòrùn, ìyà yẹn ṣeé kà ní náírà.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí wáyà tí a ń fi sílẹ̀ yìí? Owó tí a fi ń tún òpó ṣe, tí a fi ń pààrọ̀ tiransifọ́mà, tí a fi ń san owó òṣìṣẹ́, kì í dín kù nítorí pé oníbàárà kan lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni yóò pín ìpín rẹ̀ san. Àwọn tó sì ń kọ́kọ́ lọ ni àwọn tó ń san owó tó pọ̀ jù: ilé ńlá, hòtẹ́ẹ̀lì, báńkì, ilé-iṣẹ́, àwọn oníbàárà Band A gan-an tí owó wọn ló yẹ kó gbé ẹrù àwọn yòókù. Pákísítàn ti rin ọ̀nà yìí dé òpin rẹ̀ fún wa. Ní 2024 nìkan, orílẹ̀-èdè náà kó páńẹ̀lì tó tó 17,000 mẹ́gáwáàtì wọlé láti Ṣáínà. Àwọn tó ní òrùlé àti owó bọ́ lọ́wọ́ iná ọba tó wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ti bá àwọn iléeṣẹ́ amúnáwá ṣe àdéhùn owó tó gbọ́dọ̀ san yálà wọ́n lo iná náà tàbí wọn kò lò ó. Bí àwọn olówó ti ń lọ, gbèsè yẹn ń wọ̀ sí ọrùn àwọn ìdílé tí kò lè lọ, títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe gé owó tó fi ń ra iná lọ́wọ́ àwọn oní-sólà. Àwọn tó ń yin Pákísítàn níbí pé sólà bo gbogbo rẹ̀ kò sọ apá ìtàn yìí fún wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó rò pé òun ti jáde nínú ọ̀rọ̀ NEPA ṣì ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó iná náà.

Ìbàdàn kò tilẹ̀ nílò Pákísítàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ omi ti kọ́ wa. Ní 1942 ni a ṣe ìdídò Ẹlẹ́yẹlé, nígbà tó sì di 1972, ti Àṣejírè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń kọ́ ilé sí Bódìjà ní òpin àwọn ọdún 1950, kò sọ fún àwọn tó ra ilé pé kí wọ́n gbé omi tiwọn wá. Ọ̀nà, omi àti iná wà lára ohun tí a ń pè ní ìlú. Nígbà tí ẹ̀rọ omi wá ń dákẹ́, a kò jà fún un. Ẹni tó lówó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ gbẹ́ kànga lásán, ẹni tí kò ní rárá ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Láti ọjọ́ tí ẹni tó lágbára láti pariwo ti ní kànga dẹ̀rọ tirẹ̀, ariwo tó lè mú kí páìpù padà ṣàn ti rọlẹ̀. Lónìí a ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kànga dẹ̀rọ, a kò sì ní ètò omi. Ìdílé tó tòṣì jù nínú ìlú ló sì ń ra omi ní iye tó wọ́n jù, kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì. Ohun tí “kálukú” ṣe sí omi nìyẹn. Ìjọba tó bá fẹ́ fi owó ìlú ti ọ̀nà kan náà lẹ́yìn nípa iná, ojú rẹ̀ ti fọ́ sí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó burú jù ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà. Nínú ìṣúná 2025, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sọ́tọ̀ láti fi sólà sí ilé ààrẹ ní Abújá. Àwọn kan gbè é pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ó yẹ kí olórí fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Àpẹẹrẹ wo? Baálé tó bá ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè kò ní mọ ọjọ́ tí ìkòkò ilé bá ṣófo. Ní òpin October 2024, iná kúrò ní UCH níbí ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ kan náà, lórí àríyànjiyàn gbèsè pẹ̀lú IBEDC. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ kó tó padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde fẹ̀hónú hàn. Àwọn aláìsàn sì wà lórí ibùsùn nínú òkùnkùn. Oòrùn kò fi ọjọ́ kan péré gbàgbé òrùlé UCH ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà. Bí owó ìlú bá ní ibì kan tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ, ibi tí olówó àti tálákà jọ ń dùbúlẹ̀ sí ni: ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ omi. Ní 2019, lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ kan tó wà fún yunifásítì, Bayero ní Kánò ní ibùdó iná oòrùn alábàápọ̀ tó tó 7.1 mẹ́gáwáàtì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò mọ bí a ti ń ṣe é.

Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì súnmọ́ wa ju bí a ṣe rò lọ. Mokoloki jẹ́ ìlú kékeré ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, nínú agbègbè IBEDC. Wáyà wà níbẹ̀, iná ni kò wá. Ní February 2020, ilé-iṣẹ́ Nayo Tropical Technology gbé ibùdó sólà tó tó 100 kílówáàtì kalẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì, ó sì bá IBEDC ṣe àdéhùn láti fi iná yẹn gba orí wáyà IBEDC wọ ilé àwọn ará ìlú. Mítà àsansílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Onílé àti ayálégbé, òrùlé páànù àti òrùlé tó ti ń jò, gbogbo wọn ló wà lórí wáyà kan. Ọjà Wuse ní Abújá náà ti lo irú àdéhùn yìí pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ iná tibẹ̀. Ọjà Sabon Gari ní Kánò àti ọjà Ìṣíkàn ní Àkúrẹ́ wà lára ọjà tí ìjọba àpapọ̀ fi ètò iná ọjà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń wí fún Ìbàdàn ni pé kí a mú èyí wọ ìgboro: ibùdó oòrùn kan fún ọjà Bódìjà, èyí tí iná rẹ̀ yóò wọ Agbowó lálẹ́, òmíràn fún Dùgbẹ̀, òmíràn fún Challenge àti Ring Road. Kí onílé tó ti ní sólà lè ta èyí tó ṣẹ́ kù sórí wáyà kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó iná rẹ̀. Kí ayálégbé lè ra ìpín nínú ibùdó náà, kó máa rí i lórí mítà rẹ̀, bó bá sì kó lọ sí àdúgbò mìíràn kí ìpín rẹ̀ bá a lọ.

Òfin kò ṣe ìdíwọ́ mọ́. Ní March 2023 ni àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ lórí iná, kódà níbi tí wáyà orílẹ̀-èdè dé. Ní June ọdún náà, Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná 2023 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná lórílẹ̀-èdè, sì ti gbé ìṣàkóso ọjà iná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lé àjọ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́wọ́. Láti ayé ECN, ilé-iṣẹ́ iná tó ṣáájú NEPA, ni àwọn olórí wa ti ń sọ pé ọwọ́ Abújá tàbí ọwọ́ Èkó ni ọ̀rọ̀ iná wà. Àwáwí yẹn ti tán. Àwọn tó jókòó ní Sẹkitéríàtì Agodi lè kọ òfin tí yóò mú iná Bódìjà dé Agbowó, bí wọ́n bá fẹ́.

Mo mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn: pé ìjọba ló ba NEPA jẹ́, ta ló tún fẹ́ fi iná lé e lọ́wọ́? Wọn yóò tún rántí July 2016, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ mẹ́rìnlá tọwọ́ bọ̀wé láti kọ́ ibùdó sólà tó lé ní 1,000 mẹ́gáwáàtì, tí ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí kò sí ọ̀kan tó tan iná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa wọ́n. Orí owó tí wọ́n fẹ́ san fún yúnìtì kan àti onídùúró tí ìjọba kò fẹ́ jẹ́ ni àdéhùn yẹn fọ́ sí; ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ni kó ra gbogbo iná náà, kó tún gbé e gba òpó orílẹ̀-èdè tó ń dà wó, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa san owó. Ibùdó àdúgbò kò gba ọ̀kankan nínú ọ̀nà yẹn. Inú àdúgbò ni a ti ń mú iná rẹ̀ wá, inú àdúgbò ni a ti ń san owó rẹ̀, bí òpó orílẹ̀-èdè tilẹ̀ wó. Aládàáni ni yóò kọ́ ọ, òun ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo gbé fún ìjọba ni kó ṣe òfin, kó dúró fún ẹ̀yáwó, kó sì fìyà jẹ ẹni tó bá yẹ àdéhùn. Ìjọba tí a kò lè fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, ṣé òun náà la fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé láti pín owó ìrànwọ́ sólà fún ilé kọ̀ọ̀kan láìṣe ojúsàájú?

Èkejì, wọn yóò ní òmìnira àwọn ni mo fẹ́ gbà. Rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ ra sólà, kó rà á. Nígbà tí mínísítà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ ní March 2025 pé ìjọba ń gbèrò láti fòfin de páńẹ̀lì òkèèrè nítorí pé NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń ṣe é nílé, àṣìṣe ńlá ni ìgbèrò náà, torí pé iye tí a lè ṣe nílé kò tíì súnmọ́ ohun tí a ń lò. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè ní 2018 pe páńẹ̀lì ní ẹ̀rọ amúnáwá kí wọ́n lè gba owó lórí rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ sí gbogbo wa. Ibùdó àdúgbò náà nílò páńẹ̀lì tó wọlé láìsí ìdíwọ́. Àtìlẹ́yìn owó ìlú nìkan ni mo ní kí a má fi fún òrùlé àdáni.

Ẹlòmíràn yóò tọ́ka sí Bangladéṣì, tó fi sólà kéékèèké sí ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin láàárín 2003 sí 2018, tí aráàlú ń san án díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n abúlé tí wáyà kò dé ni wọ́n fi ṣe é fún, gílóòbù díẹ̀ ló sì ń tàn. Nígbà tí wáyà ìjọba dé, ọ̀pọ̀ ni kò tún bìkítà fún un. Fún àwọn oko Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn tó jìnnà sí òpó, irú ètò bẹ́ẹ̀ tọ́, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí owó bíi 750 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí fún Nàìjíríà ní December 2023 kọjú sí. Agbowó kì í ṣe oko. Wáyà kọjá lójú fèrèsé wọn. A kò gbọ́dọ̀ fi oògùn ibi tí kò sí wáyà wo ibi tí wáyà wà.

Èyí tó kù ni pé àwọn ènìyàn yóò jí iná, wọn kò sì ní san owó. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yìí bá ìwà wa mu. Káàkiri Ìbàdàn, ẹgbẹ́ onílé ti dá owó ra tiransifọ́mà, ra òpó, ra wáyà, kí wọ́n tó fà á lé ilé-iṣẹ́ iná lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́jà wa ń dá àjọ, alájọ ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, owó ń pé. Ìlú tó ń ṣe èyí láìsí òfin kankan tó fi dandan mú un kò ṣàìmọ bí a ti ń jọ ní nǹkan. Wọ́n kọ̀ láti san owó òkùnkùn ni. Ẹni tó rí iná lórí mítà rẹ̀ ń fi owó sí mítà. Ohun tí wọn kò rí gbà rí ni pé kí tiransifọ́mà tí wọ́n dáwó rà jẹ́ tiwọn lórí ìwé, kí èrè rẹ̀ sì máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Nítorí náà, kí a fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ètò iná oòrùn tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Abújá bá gbé wá láti òní lọ: ṣé náírà tí wọ́n fẹ́ ná yìí yóò tan iná nínú yàrá ẹni tí kò ní òrùlé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a dá a padà, bó ti wù kí àwòrán páńẹ̀lì inú ìwé rẹ̀ dára tó. Oòrùn tó ń ràn lé Bódìjà náà ló ń ràn lé Agbowó, kì í kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni bóyá onílé ni tàbí ayálégbé. Kí òfin wa náà má bi í.